Íápíìsì àti etí tó ń yún: ìbéèrè àti ìdáhùn fún àwọn tó ń lò ó lójoojúmọ́

Ní Àkúrẹ́, láti South Gate yunifásítì FUTA títí dé Ọjà Ọba, ó ṣòro kí èèyàn rìn fún ìṣẹ́jú márùn-ún kó má rí ẹni tó ki íápíìsì bọ etí. Akẹ́kọ̀ọ́ ń fi gbọ́ ẹ̀kọ́, ọlọ́kadà ń fi gba ìpè, télọ̀ ń fi gbọ́ rédíò láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ohun tó ń ṣe Àbọ́yadé sì ni, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe: etí tó ń yún, awọ etí tó ń bó, rọ́bà íápíìsì tó ń rùn, etí tó kàn dí gbọin. Àwọn ìbéèrè tó máa ń wáyé jù la kó jọ síbí. Bí ẹ kò bá ní àyè láti kà á tán, ẹ mú èyí lọ: íápíìsì ni kí ẹ máa fọ̀, ẹ fi ihò etí sílẹ̀.

Etí mi kì í yún tẹ́lẹ̀. Kí ló dé tó fi bẹ̀rẹ̀ látìgbà tí mo ti ń lo íápíìsì?

Ihò etí àgbàlagbà kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2.5 lọ ní gígùn. Ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀, èyí tó wà lọ́wọ́ òde, ni irun wà, ibẹ̀ nìkan náà ni ara ti ń ṣe epo etí. Ìdá méjì tó kù wọ inú egungun lọ, awọ tó bò ó sì fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà. Awọ yìí kì í dúró lójú kan. Láti orí ìlù etí, awọ tó wà lópin ihò náà, ló ti ń rọra rìn bọ̀ síta, ó ń ru epo àti eruku bọ̀, bí a bá sì ti ń jẹun tàbí tí a ń sọ̀rọ̀, àgbọ̀n tó ń lọ tó ń bọ̀ ń ràn án lọ́wọ́. Bí etí ṣe ń gbá ilé ara rẹ̀ nìyẹn.

Íápíìsì tó wọnú ihò etí dí ọ̀nà yìí. Afẹ́fẹ́ kò wọlé mọ́, ooru àti òógùn kò rí ibi jáde, epo tó ń bọ̀ wá síta pàdé rọ́bà lẹ́nu ọ̀nà, rọ́bà sì tì í padà. Ẹ wo ọwọ́ ẹni tó ti ń fọṣọ láti àárọ̀, bó ṣe ń hunjọ tó sì ń funfun lórí ìka. Bẹ́ẹ̀ náà ni awọ inú etí ń rí lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin tàbí márùn-ún lábẹ́ rọ́bà. Nígbà tó bá ti rọ̀ báyìí, ìfarakanra díẹ̀ ti tó láti bó o. Ibi tó bó yẹn ló ń yún, ibẹ̀ náà sì ni kòkòrò àìfojúrí ń gbà wọlé.

Ìgbà òjò máa ń mú un le sí i níhìn-ín, nítorí afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ ti tutù rin. Nígbà ọyẹ́, awọ etí ń gbẹ, ó ń sán, yíyún rẹ̀ a wá dà bí ti ètè tó là. Ìtọ́jú méjèèjì kò dọ́gba: ti ìgbà òjò ń fẹ́ gbígbẹ, ti ọyẹ́ ń fẹ́ kí a dín ọṣẹ kù ní àyíká etí.

Ṣé epo etí kì í ṣe ìdọ̀tí ni?

Rárá. Ó kan díẹ̀, kíkan yẹn kì í jẹ́ kí kòkòrò rọ́wọ́ mú. Ó ń lé omi, ó ń mú eruku. Ti ọ̀pọ̀ jù lọ àwa adúláwọ̀ máa ń lẹ̀, ó sì máa ń pọ́n bí oyin tàbí kó dúdú díẹ̀. Èyí tó gbẹ tó ń já bí èèpá wọ́pọ̀ láàárín àwọn ará Ṣáínà, Kòríà àti Japan. Bí ẹ bá rí ohun tó lẹ̀ mọ́ rọ́bà íápíìsì yín, kò túmọ̀ sí pé ẹ kì í wẹ̀.

Kí wá ni kí n máa fi nu etí?

Kò sí ohun tó yẹ kó wọnú rẹ̀: kọ́tìnbọ́ọ̀dù, ìyẹ́ adìẹ, ìdérí báírò, kọ́kọ́rọ́, igi ìṣáná, gbogbo wọn pátá. Orí kọ́tìnbọ́ọ̀dù fẹ́rẹ̀ẹ́ kún ihò etí. Bí ẹ bá tì í wọlé, ọmọ odó ló dà: díẹ̀ lára epo á lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ ó rí i, inú yín á dùn, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù ti wọ inú lọ síbi tí kò ti lè dá jáde mọ́. Bí ẹ bá wá ki íápíìsì tẹ̀ lé e, ẹ tún gún un jinlẹ̀ sí i. Báyìí ni ọ̀pọ̀ etí ṣe ń dí. Àwọn mìíràn ti fi lu ìlù etí jo nígbà tí ẹnì kan kàn gbún wọn lápá lójijì.

Lẹ́yìn ìwẹ̀, ẹ tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ fa etí sókè díẹ̀ àti sẹ́yìn kí ihò rẹ̀ lè tọ́, kí omi lè ṣàn jáde. Ẹ fi etí táwẹ́lì mímọ́ bo orí ìka, kí ẹ nu ibi tí ìka bá lè dé láìtì í. Ó tán. Ẹni tí omi máa ń dúró sí létí lè lo ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun, ṣùgbọ́n kó wà lórí afẹ́fẹ́ tútù, kó sì jìnnà tó sẹ̀ǹtímítà 30.

Àbẹ́là tí àwọn kan ń tanná sí létí láti fi fa ìdọ̀tí jáde kì í fa ohunkóhun. Èérún tí wọ́n ń fi hàn yín nínú rẹ̀, ti àbẹ́là náà fúnra rẹ̀ ni, àwọn mìíràn sì ti fi jó létí.

Báwo ni mo ṣe máa fọ íápíìsì mi?

Ẹ kọ́kọ́ yọ rọ́bà kan báyìí, kí ẹ yí inú rẹ̀ síta lórí àtẹ́lẹwọ́. Lọ́rùn rẹ̀ nínú, níbi tó ti di ẹnu íápíìsì mú, ẹ ó rí òrùka pupa rúsúrúsú kan tó yí i ká. Ẹ gbóòórùn rẹ̀. Epo etí, òógùn àti awọ tó ti kú ló para pọ̀ síbẹ̀, èyí tó wà níta tí ẹ máa ń fi ẹ̀wù nù kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ohun tí ẹ nílò: abọ́ kékeré, omi lọ́wọ́ọ́wọ́ ìlàjì ife, ọṣẹ olómi ìfọwọ́ tí kò lóòórùn púpọ̀, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ọmọdé tí a kò tíì lò rí, aṣọ tí kì í já fọ́nrán bí irú èyí tí wọ́n fi ń nu awò ojú, àti sípíríìtì 70%.

Ẹ pa íápíìsì náà, ẹ yọ ọ́ lára fóònù. Ẹ di ìdí rọ́bà mú, ẹ yí i díẹ̀ bí ẹ ṣe ń fà á, kó má ya. Ẹ kán ọṣẹ ẹ̀kán méjì péré sínú omi, ẹ ju rọ́bà sí i fún ìṣẹ́jú 10, lẹ́yìn náà kí ẹ fi ìka ra inú àti ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ ṣàn án nínú omi mímọ́ títí tí kò fi ní yọ̀ lọ́wọ́ mọ́. Ẹ má fojú tín-ín-rín ṣíṣàn yìí, nítorí ọṣẹ tó kù lára rọ́bà wà lára ohun tó máa ń jẹ́ kí etí bó, tí èèyàn á sì máa rò pé íápíìsì ni ara òun kọ̀. Ẹ gbọn omi rẹ̀ nù, ẹ tò ó sórí tíṣù fún wákàtí kan tàbí méjì. Ẹ kò gbọdọ̀ dá a padà ní tútù: omi á wọ ẹnu íápíìsì, etí á sì tún máa rin.

Bí rọ́bà ti ń gbẹ lọ́wọ́, ẹ kọjú sí àwọ̀n tíntìntín tó wà lẹ́nu íápíìsì. Ẹ da ojú rẹ̀ kọ ilẹ̀, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbá a láti ìsàlẹ̀, kí ohun tó bá já lè bọ́ sílẹ̀. Bí ẹ bá kọ ojú rẹ̀ sókè, inú ni ẹ ń gbá a sí. Ẹ má fi abẹ́rẹ́ tàbí píìnì tọ́ ọ. Ẹ má sì da sípíríìtì sí i, nítorí sípíríìtì á yọ́ epo náà, yóò ṣàn wọ inú àwọ̀n, bó bá gbẹ tán yóò dí i pa. Bí ohùn ẹ̀gbẹ́ kan bá rẹlẹ̀ ju èkejì lọ, ẹ kọ́kọ́ yẹ àwọ̀n yìí wò kí ẹ tó ra òmíràn.

Ara íápíìsì tó kù, aṣọ tí ẹ fi sípíríìtì rin díẹ̀, tí kò kán tótó, ni kí ẹ fi nù ún. Ẹ jẹ́ kó gbẹ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Bó bá jẹ́ èyí tí kò ní wáyà, àpótí tó ń gba iná sí gbọ́dọ̀ mọ́ pẹ̀lú, nítorí kò wúlò kí a fọ ẹsẹ̀ tán kí a tún kì í bọ bàtà ẹlẹ́rẹ̀. Kọ́tìnbọ́ọ̀dù gbígbẹ wúlò níbí: ẹ fi nu kòtò méjèèjì àti irin kéékèèké tó ń gbé iná wọlé.

Ẹ nù ún lójoojúmọ́ lẹ́yìn ìlò, ẹ fọ rọ́bà lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ẹni tó ń fi sáré tàbí tó ń fi ṣiṣẹ́ nínú oòrùn, kó máa fọ̀ ọ́ ní ọjọ́ méjì-méjì. Ọṣẹ oníyẹ̀fun àti bílíìṣì kò yẹ é.

Tèmi fóòmù ni, kì í ṣe rọ́bà. Hẹ́dìfóònù ńlá ńkọ́?

Fóòmù kì í fẹ́ omi púpọ̀, sípíríìtì sì ń bà á jẹ́. Aṣọ tó rin díẹ̀ ni kí ẹ fi nù ún, kí ó sì gbẹ mọ́jú. Ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta sí ara wọn, tàbí nígbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tí kò bá wú padà mọ́. Tìmùtìmù hẹ́dìfóònù tó jẹ́ aláwọ máa ń sán bí sípíríìtì bá ń kàn án. Omi ọṣẹ díẹ̀ àti aṣọ gbígbẹ ló yẹ ẹ́. Bó bá ti ń bó dúdú dúdú sí yín lára, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, nítorí ibi tó bó yẹn kò ṣeé fọ̀ mọ́.

Awọ etí mi dúdú, ó le, ó sì ń bó bí ìpẹ́. Ṣé àlẹ́jì ni?

Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé awọ kàn ti gbó lábẹ́ ìfarakanra ni. Ọ̀nà tí a fi ń yà wọ́n sọ́tọ̀ ni ibi tó wà àti ìgbà tó bẹ̀rẹ̀.

Ìwé púpọ̀ máa ń sọ pé ibi tó ń ṣèèyàn á pọ́n. Lára wa, ẹ má retí pípọ́n. Ẹ wá ibi tó dúdú ju àyíká rẹ̀ lọ tàbí tó ní àwọ̀ elésè àlùkò, tó ń dán, tó gbóná bí ẹ bá fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án. Àpá dúdú yìí lè pẹ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù lẹ́yìn tí yíyún ti lọ, kò túmọ̀ sí pé àìsàn náà ṣì wà.

Èyí tó jẹ́ ìfarakanra lásán máa ń wà ní ojú ibi tí rọ́bà ti ń fún mọ́ etí gan-an. Ó máa ń dunni ju bó ṣe ń yún lọ, ó sì máa ń rọlẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan tí ẹ bá ti yọ ọ́. Ìwọ̀n rọ́bà ló sábà máa ń fà á. Mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń kó sínú páálí, kékeré, àárín àti ńlá, ọ̀pọ̀ èèyàn kì í sì í yọ èyí tó bá a dé. Èyí tó tóbi jù ń fún etí, èyí tó kéré jù ń mú kí ẹ máa tì í wọlé kó má baà já. Etí ọ̀tún àti ti òsì lè má dọ́gba, kò sí èèwọ̀ nínú kí ẹ lo àárín sí ọ̀kan àti kékeré sí èkejì.

Àlẹ́jì ní tirẹ̀ ń yún kíkankíkan, ó lè yọ róro tó ń ṣomi, ó sì lè kọjá ibi tí íápíìsì fara kàn. Kì í yọ lójú ẹsẹ̀: ọjọ́ kan sí mẹ́ta lẹ́yìn tí nǹkan náà kan ara ló máa ń jáde, ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn kì í fi í mọ ohun tó fà á. Níkẹ́ẹ̀lì inú irin, àwọn èròjà tí wọ́n fi ń mú kí rọ́bà le, àti gọ́ọ̀mù oníke tí wọ́n ń pè ní ákíríléètì, àwọn ló wọ́pọ̀. Sílíkóònù tó mọ́ kì í sábà fa wàhálà. Ẹ̀yin tó ń ṣe èékánná jẹ́ẹ̀lì, ẹ fetí sí èyí: ákíríléètì wà nínú jẹ́ẹ̀lì náà pẹ̀lú. Ẹni tí ara rẹ̀ bá ti kọ̀ ọ́ lọ́wọ́, etí rẹ̀ lè kọ íápíìsì oníke.

Ẹ yọ íápíìsì pátápátá fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bí awọ bá jíná, ẹ dá ọ̀kan ṣoṣo padà, bóyá rọ́bà tuntun, kí ẹ wò ó fún ọjọ́ mẹ́rin kí ẹ tó yí ohun mìíràn padà. Ẹ má yí nǹkan méjì padà pọ̀. Dókítà awọ ara lè ṣe àyẹ̀wò tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn: wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ọjọ́ méjì, wọ́n á tún yẹ̀ ẹ́ wò ní nǹkan bí ọjọ́ kẹrin. Bí ara bá ti kọ nǹkan báyìí, kì í sábà gbà á mọ́ láyé.

Fún awọ òde nìkan, ìpara hydrocortisone 1%, kó fẹ́lẹ́, lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, kó má ju ọjọ́ méje lọ. Àwọn ìpara àdàlù tí wọ́n ń tà lọ́jà, tí clobetasol (èyí tó lágbára ju hydrocortisone lọ fíìfíì) tàbí irú rẹ̀ wà nínú wọn, ń mú awọ fẹ́lẹ́, wọ́n sì ń bo ẹbu (fọ́ńgọ́ọ̀sì) mọ́lẹ̀ kó lè máa tàn kálẹ̀ nígbà tí yíyún ti lọ. Báṣẹlíìnì fẹ́ẹ́rẹ́ lóru dára fún awọ tó gbẹ. Ẹ nù ún kúrò kí ẹ tó wọ íápíìsì láàárọ̀, kó má baà dí àwọ̀n.

Mo ṣe irun ní Sátidé, etí mi wú ní Mọ́ńdè. Ṣé íápíìsì ló fà á?

Ẹ wo ibi tó wú. Bó bá jẹ́ orí etí, ẹ̀yìn rẹ̀ àti ojú ibi tí irun ti bẹ̀rẹ̀, irun ni ẹ máa kọ́kọ́ fura sí. Rílásà ń jó lójú ẹsẹ̀, ẹ ó ti mọ̀ lórí àga. Dáì dúdú ló máa ń dúró di ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta. Jẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi ń tẹ́ etí irun àti lọ́fínńdà tí ẹ fín sọ́rùn náà lè ṣe é, íápíìsì tàbí hẹ́dìfóònù á wá tẹ̀ wọ́n mọ́ awọ. Kí wọ́n tó fi rílásà tàbí dáì sórí yín, ẹ ní kí wọ́n fi báṣẹlíìnì yí etí ká. Ẹ jẹ́ kó tó ọjọ́ méjì lẹ́yìn rẹ̀ kí ẹ tó wọ hẹ́dìfóònù.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lu etí.

Ẹ má wọ hẹ́dìfóònù tó ń tẹ yẹtí mọ́ orí títí ojú ibẹ̀ á fi jíná. Ẹni tí àpá ara rẹ̀ máa ń wú ju egbò lọ, tàbí tí irú rẹ̀ wà nínú ẹbí, kò gbọdọ̀ jẹ́ kí egbò kankan pẹ́ létí, bó ti wù kó kéré tó. Bí òkè etí tó le bí egungun bá wú, tó gbóná, tí ibi rírọ̀ tí a ń lù fún yẹtí kò sì wú, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Àkóràn ti wọ eegun rírọ̀ etí nìyẹn, ó lè ba bí etí ṣe rí jẹ́ pátápátá.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó ti kọjá yíyún, pé ó ti di àkóràn?

Ẹ fi ìka tẹ ẹran kékeré tó wà níwájú ihò etí, kí ẹ sì rọra fa etí sókè. Bó bá dùn yín wọra, àkóràn ti wà nínú ihò etí. Ó lè máa ṣomi, ó lè máa rùn, gbígbọ́ lè dínkù, ẹnu yíyà láti jẹun pàápàá lè máa dunni.

Kì í ṣe kòkòrò kan náà ló ń fa gbogbo rẹ̀. Ti bakitéríà máa ń dunni gan-an, ó sì máa ń mú ọyún wá. Ti ẹbu, irú ẹbu tó ń mú búrẹ́dì, ń yún ju bó ṣe ń dunni lọ. Bí dókítà bá tan iná sí i, yóò rí ohun tó dà bíi tíṣù funfun tí omi rin, nígbà mìíràn pẹ̀lú ẹ̀kán dúdú wínníwínní lórí rẹ̀ bí àmì orí báírò. Ojú ọjọ́ tó gbóná tó sì tutù rin bíi tiwa ló bá ẹbu lára mu.

Ìdí tí a fi ń sọ èyí ni pé oògùn tí wọ́n ń kán sí etí lọ́wọ́ kẹ́míìsì, ti bakitéríà ló pọ̀ jù. Bí ẹ bá kán an sí etí tí ẹbu wà, ẹ pa àwọn tó ń bá ẹbu du àyè, ẹ sì fún un ní ilé. Yóò dà bíi pé ó san fún ọjọ́ méjì, á sì padà wá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ohun kejì burú ju ìyẹn lọ: bí ìlù etí bá ti jo, tí ẹ kò sì mọ̀, àwọn oògùn bíi gentamicin lè wọ inú lọ ba gbígbọ́ jẹ́, èyí tó bá sì bàjẹ́ níbẹ̀ kì í padà. Kí ẹnì kan wo inú etí kí ẹ tó kán ohunkóhun sí i.

Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, àgbàlagbà, àti ẹni tí agbára ìdáàbòbò ara rẹ̀ ti dínkù kò gbọdọ̀ fi ìrora etí sílẹ̀ rárá. Lára wọn, ó lè wọ egungun orí.

Ìyá mi ní kí n kán àdín sí i.

Ẹ bá wa kí ìyá, ṣùgbọ́n ẹ má kán an. Àdín, omi ọmú, ìtọ̀, kẹrosíìnì, omi ááyù: kò sí èyí tó mọ́ tó láti wọ etí tó ti bó, omi ááyù àti kẹrosíìnì sì ń jó awọ. Bí òróró bá ti kún inú rẹ̀, dókítà pàápàá kò ní rí ìlù etí.

Etí mi kàn dí gbọin, kò dunni. Kí ni kí n ṣe?

Bó bá ti ń dí díẹ̀díẹ̀, epo ló ṣeé ṣe kó ti gbára jọ. Bí ìlù etí yín kò bá tíì jo rí, tí etí kò dunni, tí kò sì ń ṣomi, ẹ ra òróró ólífì tí wọ́n dì fún etí ní ilé oògùn. Ẹ di ìgò náà mọ́ àtẹ́lẹwọ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, nítorí ohun tútù létí máa ń mú òòyì wá. Ẹ fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ẹ fa etí sókè àti sẹ́yìn, ẹ kán ẹ̀kán méjì sí mẹ́ta, ẹ rọra tẹ ẹran iwájú etí lẹ́ẹ̀mẹ́rin márùn-ún kó lè wọlé, kí ẹ sì dùbúlẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún. Ó lè kọ́kọ́ dí sí i, nítorí epo náà ń rọ̀ ó sì ń wú. Ẹ má wọ íápíìsì ní gbogbo ọjọ́ yẹn. Bí kò bá là lẹ́yìn rẹ̀, ilé ìwòsàn ni wọ́n ti máa fọ̀ ọ́.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá jí láàárọ̀ tí etí kan kò gbọ́ mọ́, tàbí tó dákẹ́ lójijì láàárín ọ̀sán, ẹ má kán òróró kankan. Ẹ lọ rí dókítà lọ́jọ́ náà. Ọ̀rọ̀ iṣan gbígbọ́ lè ni, ìtọ́jú rẹ̀ sì máa ń ṣiṣẹ́ jù láàárín ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́.

Ṣé mo lè yá ọ̀rẹ́ mi ní íápíìsì?

Èyí tó ń wọnú etí, rárá. Bó bá di dandan, ẹ yọ rọ́bà tiyín, kí ó fi tirẹ̀ sí i. Ní sítúdíò, ilé ìjọsìn àti ibi iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń lo hẹ́dìfóònù kan, ẹ nù ún kí ẹ tó wọ̀ ọ́.

Wákàtí mélòó ni mo lè lò ó?

Fún awọ, ẹ yọ ọ́ fún ìṣẹ́jú 10 lẹ́yìn wákàtí kọ̀ọ̀kan kí etí lè gbẹ. Ẹ má fi sùn.

Fún gbígbọ́, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kí àgbàlagbà má kọjá wákàtí 40 lọ́sẹ̀ lórí ohùn tó tó dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 80 (dẹ́síbẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fi ń wọn bí ohùn ṣe le tó). Fún ọmọdé, dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 75. Bí ohùn bá fi dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 3 péré lọ sókè, àkókò náà a dín sí ìdajì: ní 83, wákàtí 20; ní 86, wákàtí 10; ní 90, nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin lọ́sẹ̀ gbáko. Jẹnẹrétọ̀ àti ariwo ọjà ló ń tan wá jẹ. A ó yí ohùn sókè kó lè bo jẹnẹrétọ̀, iná á dé, wọ́n á pa á, a kò sì ní rántí yí i wálẹ̀. Ẹ máa bojú wo ibi tí ohùn wà ní gbogbo ìgbà tí iná bá dé. Kó má kọjá 60%. Bí ẹni tó jókòó tì yín bá ń gbọ́ orin yín, ó ti pọ̀ jù.

Ẹ̀yin ọlọ́kadà àti ẹ̀yin tó ń sáré ní ojú títì Ọba Adésídà, ẹ fi etí méjèèjì sílẹ̀ fún mọ́tò tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Rọ́bà íápíìsì já sínú etí mi.

Ẹ má tọ́ ọ, ẹ má sì da omi sí i. Ẹ tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ náà, ẹ rọra mi etí. Bí kò bá jáde, ilé ìwòsàn. Kò léwu kó dúró di ọ̀la, ìka àti píìnì tí ẹ fi ń wá a ló léwu. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ bátìrì róbótó kékeré ni ọmọdé ki bọ etí, wákàtí díẹ̀ péré ló ń gbà kó tó jó ẹran inú etí. Ẹ gbé ọmọ náà lọ lójú ẹsẹ̀, ẹ má kán ohunkóhun sí i lójú ọ̀nà.

Ibo ni kí n lọ ní àyíká Àkúrẹ́?

Dókítà etí, imú àti ọ̀nà ọ̀fun ni ẹ ń wá. Ẹ béèrè ní ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti ìjọba ní Àkúrẹ́ tàbí ní ìlú Oǹdó, tàbí ní Federal Medical Centre ní Ọ̀wọ̀. Ẹ kọ́kọ́ bèèrè ọjọ́ tí kílíníìkì etí ń wáyé. Ẹ mú íápíìsì náà dání pẹ̀lú rọ́bà rẹ̀, àti gbogbo oògùn tí ẹ ti kán sí i, tó fi mọ́ àwọn tí ojú ń tì yín láti dárúkọ. Dókítà nílò láti mọ̀ ọ́n.

Etí mi ti san. Ìgbà wo ni mo lè wọ̀ ọ́ padà?

Ẹ lo oògùn tán, kí ẹ tún fi ọ̀sẹ̀ kan kún un. Ẹ ju rọ́bà àtijọ́ nù, ẹ fi tuntun sí i, ẹ fọ àpótí rẹ̀ bí a ti ṣàlàyé lókè. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìṣẹ́jú 30 lóòjọ́, kí ẹ yẹ etí wò láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Bí kò bá yún, ẹ lè fi díẹ̀ kún un ní ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta. Bí etí bá ti ṣàìsàn yìí ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ láàárín ọdún kan, ẹ fi èyí tó ń wọnú sílẹ̀, kí ẹ ra hẹ́dìfóònù tó ń bo etí láti òde.